Bí Wọ́n Ṣe Sọ Mí Di Nosher Nílé Ọmọ Mi

Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà, òun náà ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ebi lè pa ènìyàn nílé tí fíríìjì méjì wà. Allen ni wọ́n ń gbé, ní òkè Dallas, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ìbejì, tí èèyàn ò ní rí ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú títì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oyún wà nínú ọmọ mi nígbà náà, ó sì ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ tó ń bọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ṣakí, bàbá rẹ̀ ti kú, ìwé ìgbélùú tó ṣe fún mi sì ti jáde. Kò sí ohun tó tún dá mi dúró.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Ó ti kàwé débi pé wọ́n gbà á láyè láti máa kọ oògùn fún aláìsàn bíi dókítà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ti bí, ó ti ń lọ sí iléèwé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáni lóhùn.

Kò pẹ́ tí mo dé tí ọmọ mi gún mi níka, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Àtọ̀gbẹ kì í ṣe tuntun sí mi. Mo ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ilé.

“Mọ́mì, ṣúgà yín ti pọ̀ jù. Ta ló ń tọ́jú yín ní Ṣakí?”

“Dókítà ni.”

“Dókítà wo?” Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. “Ó dáa. Ẹ ti dọ́dọ̀ mi báyìí.”

Ó fi oògùn mìíràn kún èyí tí mo ń lò. Ó ra àwọn abọ́ kéékèèké onídèérí, ó sì ń wọn oúnjẹ mi sínú wọn. Ewé ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ẹran adìẹ tí kò rí iyọ̀ rí, tó funfun bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Bí mo bá jẹ abọ́ kan tán, ikùn mi á ṣì máa wojú mi. Mo gbà fún un. Ọmọ mi ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Mo rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo po tíì, mo sì mú bísíkíìtì méjì látinú páálí tó wà lórí tábìlì. Mi ò tíì fi ọ̀kan sẹ́nu tí mo fi gbọ́ ohùn ọmọ mi láti orí àtẹ̀gùn.

“Mọ́mì! No noshing in this house!”

Ọwọ́ mi dúró sófuurufú. Òṣì ni etí mi gbọ́. Mo gbọ́ ọ kedere, ó sì dùn mí dé egungun.

“Òṣì kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń pè ní òṣì?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, tó fi ọwọ́ kejì gbá ikùn rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ló máa ń lo ọ̀rọ̀ náà. Dókítà àgbà kan ni, obìnrin Júù, inú èdè Yiddish tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà gbé bọ̀ láti Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Kí èèyàn máa ta nǹkan díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ ni nosh. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nosher ni.

“Ìpanu ni, nígbà náà,” mo wí. “Ìpanu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.”

“Fún ẹ̀yin, ẹ̀ṣẹ̀ ni,” ó wí, ó sì gba bísíkíìtì méjèèjì lọ́wọ́ mi.

Nílé tí wọ́n ti bí mi, bí àlejò bá wọlé, kó tó sọ ohun tó bá wá, wọ́n á ti gbé ẹ̀pà tàbí ẹ̀kọ kan síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó fi panu ná. Ilé tí wọn kì í ti í ní kéèyàn panu, ilé ahun ni. Mo fẹ́ sọ èyí fún un, ṣùgbọ́n fóònù ti wà létí rẹ̀. Ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Garland, ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, pé Mọ́mì òun, tó fi gbogbo ayé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ nosh, ó pè é ní òṣì. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọ̀rẹ́ náà látinú fóònù.

Ọmọ-ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí lórúkọ. “Grandma Nosher,” bó bá ti iléèwé dé. “Good morning, Grandma Nosher,” bó bá jí. Mo pè é, mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé a kì í fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

“Mọ́mì, eré ni,” ọmọ mi wí láìgbójú sókè. “Ẹ fọmọ sílẹ̀.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó kó gbogbo bísíkíìtì, ẹ̀pà, búrẹ́dì àti ohun dídùn tó wà nílé sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kan. Bí ọmọ náà bá ti iléèwé dé, á ṣí i níṣojú mi, á mú ohun tó fẹ́, á tì í padà, á sì jókòó sí iwájú mi, á máa jẹ ẹ́.

Ọkọ ọmọ mi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ìyàwó rẹ̀ ò tíì dé, ó sì yọ ẹ̀pà díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá látinú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ tètè jẹ ẹ́.”

Mo jẹ ẹ́. Kò dùn mọ́ mi lẹ́nu, nítorí bí olè ni mo ṣe jẹ ẹ́, tí ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi rí èèpo ẹ̀pà nínú ike ìdọ̀tí nírọ̀lẹ́. Kò bi mí. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

“Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni? Tó bá kú, ṣé ìwọ lo máa gbé òkú ẹ̀ lọ sí Ṣakí?”

Níwájú mi, níwájú ọmọ wọn, ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní kó má bínú. Kò fún mi ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, bó bá sì di pé àwa méjì nìkan la wà ní pálọ̀, á rántí pé òun ní iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Kò pẹ́ sí i tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀sán ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn bá ti jáde. Òógùn tútù á bò mí, ọkàn mi á máa lù kìkì, ojú mi á máa ṣú bí ìgbà tí wọ́n ń yí àtùpà sílẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi.

“Ara yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣúgà tó ti mọ́ ọn lára ni,” ó dáhùn. “Bí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ẹ fara dà á, á lọ.”

Kò lọ. Lọ́jọ́ kan, ó dé bí kò ṣe dé rí. Orí àga ni mo wà, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ ògiri títí mo fi dé ilé ìdáná. Mi ò lè ronú mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ara mi mọ̀ ni pé kí n jẹun, kí n jẹun kí n má baà kú. Mo ṣí fíríìjì. Ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé wá. Mi ò wá ṣíbí. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bó ṣe tutù nini yẹn, mo ń bù ú sẹ́nu ní ìdúró. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé èyí tó ń dà sílẹ̀ àti èyí tó ń dà sí mi láyà pọ̀ ju èyí tó ń wọ ẹnu mi lọ. Mo rí omi ọsàn inú páálí tí ọmọ-ọmọ mi máa ń gbé lọ síléèwé. Mi ò rí ibi tí mo máa ki igi ìfàmu rẹ̀ bọ̀, mo bá fi eyín ya páálí náà, mo fà á mu. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, níwájú fíríìjì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, títí ojú mi fi ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo lè dìde, mo gbálẹ̀, mo nù ún, mo pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ mi yọjú sí ilé ìdáná. Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé Ọlọ́run ló bá mi bo àṣírí.

Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ni ohun funfun kékeré tó wà lókè aago ilé ìdáná. Mo ti rò pé ohun tó ń pariwo bí iná bá fẹ́ jó ilé ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣe àpèjẹ tí àwọn obìnrin ìhín máa ń ṣe fún aboyún kó tó bímọ, tí wọ́n á kó ẹ̀bùn ọmọ wá. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá láti Garland, àwọn tó ń bá ọmọ mi ṣiṣẹ́ náà wá. Pálọ̀ kún. Mo wọ bùbá àti ìró mi tó dára jù, mo jókòó sí igun kan.

Dókítà àgbà náà wá pẹ̀lú. Obìnrin kúkúrú ni, irun orí rẹ̀ funfun báláú, bàtà rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ bíi ti ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó jókòó tì mí, ó sì bi mí nípa iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́. Ó gbé àwo kan lé itan, búrẹ́dì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi wàràkàṣì sí lórí wà níbẹ̀. Ó tì í sọ́dọ̀ mi.

“Ẹ bá mi nosh díẹ̀,” ó wí. “Mi ò fẹ́ràn kí n máa dá jẹ ẹ́.”

Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí kò dún bí èébú. Ọwọ́ mi ti fẹ́ nà síbẹ̀ nígbà tí ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọ mi ní òdìkejì pálọ̀. Ó mi orí. Mo dá ọwọ́ mi padà sórí itan mi. Dókítà náà rí mi, ó sì rí òun náà.

Wọ́n ta ayò, wọ́n ṣí ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi pàtẹ́wọ́, ó ní òun ní fídíò kan tó máa pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ mi ti ń fò sókè, nítorí ó ti wò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n tan tẹlifíṣàn ńlá tó wà lára ògiri. Orin kan bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bá aláwàdà rìn. Wọ́n kọ Grandma Nosher gàdàgbà sí i, pẹ̀lú àwòrán eku kan tó di wàràkàṣì mú. Èmi ló jáde.

Mo rí ara mi tí mo ń fi ọwọ́ tẹ ògiri wọlé bí ọ̀mùtí. Mo rí ìró mi tó ti tú. Mo rí bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ ìkòkò, bí ìrẹsì ṣe ń já bọ́ ní àgbọ̀n mi, bí mo ṣe fi eyín ya páálí ọsàn ọmọdé. Wọ́n ti mú un yára, tí mo fi ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ọmọlangidi. Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ga débi pé mi ò gbọ́ orin mọ́. Obìnrin kan tí àwa méjèèjì jọ máa ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ìbòrùn nu omijé ẹ̀rín. “Mọ́mì o! Mọ́mì ò ṣeré!” ló ń wí. Ọmọ-ọmọ mi dìde, ó ń sín mi jẹ, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu afẹ́fẹ́ sẹ́nu. Ọkọ ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo jókòó. Mo fi ọwọ́ lé ọwọ́. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí, nítorí gbogbo ibi tí mo bá gbé e sí, eyín ni mo ń rí.

“Ẹ tún un ṣe,” dókítà àgbà náà wí.

Ọmọ mi rò pé ó dùn mọ́ ọ̀gá òun ni. Inú rẹ̀ dùn, ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, dókítà náà ní kó mú un rọra lọ, kó sì pa orin náà. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣàn, ó fi ìka kan ọwọ́ mi tó wà nínú àwòrán.

“Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo òógùn yẹn. Ṣé ó ní àtọ̀gbẹ ni?”

Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Oògùn wo ló ń lò?”

Ọmọ mi dárúkọ wọn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ta ló fi èkejì kún un?”

Ẹ̀rín ti dákẹ́ nílé. Ẹnì kan tó ṣì ń rẹ́rìn-ín fi ikọ́ bò ó.

“Obìnrin yìí kò panu níbí,” ni dókítà náà wí. “Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń gbà là, ẹ sì fi orin sí i.” Ó yíjú sí mi. “Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mà. Ẹ má lo oògùn kejì yẹn mọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ wá rí mi.”

Ó mú àpò rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó kù kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń nu omijé ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan kúnlẹ̀ kí mi kó tó jáde, kò wojú mi.

Nígbà tí ilé dá, ọmọ mi dúró síwájú mi.

“Ṣé inú yín dùn báyìí? Ẹ dójú tì mí níwájú ọ̀gá mi.”

“Èmi?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé bó ṣe rí nìyẹn?”

“Mo sọ fún ọ. O ní kí n fara dà á.”

“Ẹ ò sọ ọ́ dáadáa! Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì! Ẹ kọ́ ọmọ gbogbo ayé, ẹ ò lè fi ẹnu ara yín ṣàlàyé ohun tó ń ṣe yín. Ẹ kàn ń jẹun bí ajá.”

Mo na àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ebi ò pa wọ́n rí lábẹ́ òrùlé mi, mi ò sì pe ìta wá wòran wọn rí. Mo sọ ìyẹn fún un. Ó ní ayé àtijọ́ ni mo ń sọ.

Mo lọ rí dókítà náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sì jáwọ́ nínú oògùn kejì. Ara gbígbọ̀n náà lọ, ó lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn kò sì yọ kámẹ́rà. Wọ́n bá ọmọ mi wí níbi iṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dé láti ibẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó síwájú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló máa ń rán.

“Sọ fún Grandma pé oúnjẹ ẹ̀ wà lórí tábìlì.”

Ọmọ náà á yíjú sí mi. “Grandma Nosher, your food is on the table.” Ìyá rẹ̀ ò sì ní bá a wí.

Ó bímọ. Ọkùnrin ni, ó pupa, ó sì ní irun lórí bíi ti bàbá ìyá rẹ̀. Mo ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Mo wẹ ọmọ, mo fi omi gbígbóná jó ìyá rẹ̀ nínú, mo fọ aṣọ, mo ń gbé ọmọ pọ̀n kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Tí mo bá ń fọwọ́ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, á pa ojú dé, á sì yí orí sí ògiri. Lọ́jọ́ kan mo ní kó fún mi ní omi mu, nítorí ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ó na ìka sí ẹ̀rọ omi.

Láti inú bàálù ni mo ti ní orúkọ ọmọ náà lọ́kàn. Orúkọ kan ni tí bàbá mi fẹ́ fún ọmọkùnrin tí kò rí bí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé tún kún. Pásítọ̀ wá láti Garland. Àwọn ará ilé ọkọ ń wò wá láti Nàìjíríà lórí fóònù tí wọ́n gbé dúró sórí tábìlì kan. Àwọn obìnrin ọjọ́sí wà níbẹ̀. Dókítà àgbà náà ò wá, bóyá wọn ò pè é. Pásítọ̀ gbàdúrà, bàbá ọmọ sọ orúkọ tiẹ̀, ìyá ọmọ sọ tiẹ̀, wọ́n ka ti àwọn ará ilé ọkọ. Wọ́n wá gbé máíkì fún mi.

“Ìyá wa àgbà,” pásítọ̀ wí, “orúkọ wo lẹ fún ọmọ yìí?”

Mo dìde. Mo wo ọmọ mi. Ó ti fín lọ́fínńdà, ó ti kun ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù náà. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Pásítọ̀, mo dúpẹ́,” mo wí. “Orúkọ kan wà lọ́wọ́ mi fún ọmọ yìí. Orúkọ rere ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe èmi nínú ilé yìí ni Nosher. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò bọ̀wọ̀ fún orúkọ tiẹ̀, kò ní orúkọ tó máa fún ọmọ wọn. Màá gbé tèmi lọ.”

Mo gbé máíkì lélẹ̀, mo jókòó.

Látinú fóònù, ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ ń bèèrè ní Nàìjíríà pé, “Kí ni ìyá wí? Kí ni wọ́n wí?” Ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ darí jì wá, ẹ sọ orúkọ ọmọ.” Pásítọ̀ náà bẹ̀ mí. Ó ní ẹnu ìyá àgbà ni àṣẹ, kí n má fi ọmọ sílẹ̀ lófo. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Mo wo ọmọ mi, mo rí i tí ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó wá bá mi ní yàrá. Kò pariwo.

“Ẹ fi ọmọ mi san ẹ̀san.”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ fi ìyá rẹ ṣe fíìmù.”

“Ẹ kó ẹrù yín. Bí ẹ ṣe ń gbé orúkọ yín lọ, ẹ ò ní tún gbé ọmọ mi mọ́.”

Mo kó ẹrù mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Garland. Opó ni, apátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì ló wà. Mo pè é, ó ní kí n máa bọ̀. Ọkọ ọmọ mi ló gbé mi lọ. Mo ní kí n fọwọ́ kan orí ọmọ kí n tó jáde, ìyá rẹ̀ ti gbé e wọ yàrá, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Ojú fíríwéè la wà nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò lẹ́nu nínú ilé yẹn.”

“Mo rí i,” mo wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń wa mọ́tò, ó ń sunkún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìgbà tí ẹkún yẹn ì bá wúlò fún mi ti kọjá. Ó gbé àpótí mi dé ẹnu ilẹ̀kùn ìbátan mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ọmọ náà ti dàgbà díẹ̀ báyìí. Mo mọ̀ nítorí pé mo rí i. Ìbátan mi gbé mi lọ sí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Garland, mo wà níbi tí wọ́n kó iṣu sí, mo gbójú sókè, mo rí ọmọ mi tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọmọkùnrin náà jókòó nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè yà sí.

Mo tọ́ ọmọ mi dáadáa. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.”

“Pẹ̀lẹ́. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni, mà.”

Mà ló ń pè mí, bí ẹni tó ń kí ìyá oníyàá. Mo yíjú sí ọmọkùnrin náà, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo ní, “Olówó orí mi, wá.” Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ dàrú, ó bú sẹ́kún, ó yí ara sẹ́yìn, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

“Kò mọ̀ yín ni,” ọmọ mi wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ èsì àyẹ̀wò fún aláìsàn ló ṣe sọ ọ́. Ó ní kí n máa tọ́jú ara mi, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì yà sí ibi tí wọ́n kó ẹja sí. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti ibẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìbátan mi bi mí bóyá kí a máa lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n mú iṣu kan ná.